Kí Àgbàrá Tó Wọ Kànga

Ẹ̀yin ará Ìjàrè, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ jáde lọ wo gọ́tà iwájú ilé yín kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rá omi mímu ti dí i. Yanrìn ti kún un dé ẹnu. Koríko ti hù lórí yanrìn náà. Níbòmíràn, onílé ti da kọnkéré bò ó kí mọ́tò rẹ̀ lè ráyè wọ àgbàlá. Omi tí kò bá rí gọ́tà gbà, ojúlé ni yóò gbà. Kò ní béèrè ẹni tó ni ín. Ohun tó kù ni kí òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan fún wákàtí mẹ́fà láìdá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ọjọ́ náà ń bọ̀. Ìbéèrè mi ni bóyá ọdún yìí ni tàbí èyí tó ń bọ̀.

Púpọ̀ nínú yín rò pé ògiri ni àgbàrá wá wó. Tí ògiri kò bá ti wó, ẹ ó ní ewu ti kọjá. Òmùgọ̀ èrò nìyẹn. Ẹ tẹ̀ lé omi náà, kí ẹ wo ibi tó ń gbà. Ó gba orí ààtàn kọjá. Ó gba ẹnu ṣálángá kọjá. Ó gba ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù kọjá, ó gba ọgbà mẹkáníìkì tí ọ́ìlì dúdú ti rin ilẹ̀ kọjá. Ó kó gbogbo rẹ̀ dání, ó sì ń wá ibi tó lọ sísàlẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ọn jù ni kànga yín. Òjò dá. Oòrùn ràn. Ilẹ̀ gbẹ. Ẹ dúpẹ́ pé omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó di mẹ́ta. Ẹ ní oúnjẹ ni. Ẹ ní ooru ni. Ẹ lọ ra egbòogi, ẹ sì fi omi kànga yẹn gan-an gbé e mì.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé òde òní ti gbà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń la ọ̀nà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́lé lé ohun tí wọn kò mọ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ wa, láti Ìdànrè dé Àkúrẹ́, títí dé àwọn òkè tó yí Ìjàrè ká. Ilẹ̀ tó bo àpáta náà kò nípọn ní ibi púpọ̀. Inú ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni kànga wa ti ń rí omi. Inú rẹ̀ kan náà ni a gbẹ́ ṣálángá sí, inú rẹ̀ ni sọ́kàwéè wa ń tú sí. Àpáta kò mu omi. Omi tó bá wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ yóò rìn lórí àpáta títí yóò fi dé ibi tí a ti gbẹ́ ihò dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń sọ pé ó kéré tán, kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣálángá.

Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn ilé yín. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bí mítà 15 sí 30 lọ. Ọ̀pọ̀ yín ló ra ìdajì rẹ̀. Ìdajì yẹn, tí wọ́n bá pín in ní ìbú, láti igun kan dé igun kejì tó jìnnà sí i jù lọ, kò pé mítà 22. Bí ẹ fẹ́, bí ẹ kọ̀, kò sí bí kànga àti sọ́kàwéè yóò ṣe jìnnà síra tó nínú ìdajì pulọ́ọ̀tì. Bí tìrẹ bá sì jìnnà, ti aládùúgbò rẹ wà lẹ́yìn fẹ́ńsì. Fẹ́ńsì kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Ṣé ẹ wá rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí ìwọ nìkan lè fi ìmọ́tótó ilé rẹ yanjú? Ẹni tó yẹ kó sọ ibi tí ilé yóò wà, ibi tí omi yóò gbà, ibi tí ìdọ̀tí yóò lọ, ni ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ló ni Ìjàrè, Ìgbárà-Òkè ni olú rẹ̀. Nígbà tí omi bá bàjẹ́, àwọn káńsù máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ omi kò sí lọ́wọ́ àwọn, pé ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ẹ má gbà á. Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ẹ lọ sí Àfikún Kẹrin. Gọ́tà wà níbẹ̀: káńsù ni yóò ṣe é, òun ni yóò sì máa tún un ṣe. Títì àdúgbò wà níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú wà níbẹ̀. Kíkó ìgbẹ́ àti pàǹtírí dànù wà níbẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, ibi tí a ti ń pa ẹran wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin kò sọ pé kí káńsù máa fa omi ẹ̀rọ kiri. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń ba omi jẹ́ pátá ló kó lé e lọ́wọ́. Alága tó bá ní omi kò kan òun, kò tíì ka ìwé tó fi búra.

Wọ́n tún ní àwáwí kejì, èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù: owó kò sí, gómìnà ló ń dì í mú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Inú àpò àjọní pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó káńsù ń wọ̀, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dá ẹjọ́ náà: kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà yé di owó wọn mú, kí àwọn tí ará ìlú dìbò yàn sì máa ṣe àkóso. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, wọ́n dìbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Alága wà. Kańsẹ́lọ̀ wà. Ìdájọ́ wà. Bí owó náà bá ṣì ń há sọ́nà, iṣẹ́ alága ni kí ó pariwo rẹ̀ sí etí yín, kì í ṣe kí ó jókòó tì í. Àti pé, ẹ dákun, mílíọ̀nù mélòó ni ṣọ́bìrì fi ń kó yanrìn kúrò nínú gọ́tà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ mọ wolé-wolé. Ó ń bọ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú aṣọ kákí àti ìwé lọ́wọ́. Ó ń ṣí àmù wò bóyá tánwíjí wà nínú rẹ̀. Ó ń yọjú sí ṣálángá. Ó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá jẹ̀bi, ó ń gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìtanràn ni onítọ̀hún yóò san. Àwọn ìyá wa máa ń sáré gbálẹ̀ tí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ ní òpópó kejì. Ìbẹ̀rù yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ipò náà kò kúrò nínú ìwé káńsù. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ni wọ́n ń pè é báyìí, àwọn tó wà nípò náà kàwé fún un, wọ́n sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Nígbà wo ló wọ ilé yín kẹ́yìn? Nígbà wo ni ẹnì kan láti káńsù bu omi kànga yín sínú ìgò lọ fún àyẹ̀wò? Omi tó mọ́ gaara lójú kò túmọ̀ sí pé kò ní kòkòrò. Òṣùwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sí kòkòrò inú ìgbẹ́ kan ṣoṣo nínú 100 mililita omi mímu. Kan ṣoṣo. Ojú kò lè rí i. Àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn ará Ìjàrè yóò sọ. Wọ́n á ní orí òkè làwọn wà, pé omi kì í dúró lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará etídò ni èyí, ọ̀rọ̀ Èkó ni.

Ẹ gbọ́ ti Mokwa. Ìlú ọlọ́jà ni ní Ìpínlẹ̀ Niger, kì í ṣe ìlú apẹja. Mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2025, òjò rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Omi kó jọ sẹ́yìn òkìtì ojú irin, nítorí pàǹtírí ti dí ojú kọ́fátì tó yẹ kó gbà. Òkìtì náà já. Ó lé ní igba ènìyàn tó kú. Oorun ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn.

Ẹ sì gbọ́ ti Ìbàdàn, ìlú olókè méje. Orí òkè ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ni odò Ògùnpa ṣe ya wọ inú rẹ̀. Ó ya ní ọdún 1978, ènìyàn kú. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Wọn kò kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, ó tún ya, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ ó rò pé ìyẹn ti tó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, omi tún kó afárá lọ, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lọ yá igba mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti fi tún ojú omi ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, òkú rẹpẹtẹ, lẹ́yìn náà gbèsè. Ọmọ tí a kò tíì bí ní ọdún 1980 ló ń san owó gọ́tà tí wọn kò kó nígbà yẹn.

Òkè tí ẹ fi ń yangàn yìí gan-an ni ewu yín. Orí òkè ni omi ti ń sáré. Nígbà tí igbó wà lórí rẹ̀, ewé àti gbòǹgbò ń dì í mú, ilẹ̀ ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti gé igbó. Ẹ ti pín oko kòkó ní pulọ́ọ̀tì. Ẹ ti fi páànù bo orí ilé, ẹ ti fi sìmẹ́ńtì àti íńtálọ́ọ̀kì bo àgbàlá. Òjò tí ilẹ̀ ń mu fún ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀ báyìí láàárín wákàtí kan. Òjò kò yí padà púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni a yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ewu náà ṣe sún mọ́ Ìjàrè tó, Àkúrẹ́ ni kí ẹ lọ wò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Odò Àlá ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣe ni ìlú náà wú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, àwọn oníṣòwò dé, yunifásítì FUTA dé ní ọdún 1981. Ilẹ̀ wọ́n. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ lókè ra ilẹ̀ létí odò. Ẹni tó tà á fún un mọ̀ pé omi ni ó tà. Káńsù wò wọ́n. Àwọn tó yẹ kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri pé kí wọ́n wó o, wò wọ́n. Lónìí, odò tí àwọn baba wọn ń pọn mu ti di ibi tí ọjà ń da ìdọ̀tí sí, tí gọ́tà ilé ń ṣàn sí, òjò tó bá sì le díẹ̀ yóò dá a padà sí yàrá wọn. Kò gba ọ̀rúndún kan. Ìran kan péré ló gbà.

Ìjàrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ilé ń bọ̀ láti ìhà ibẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin náà sì ń kọ́ lọ pàdé rẹ̀. Ibi tí Àkúrẹ́ wà ní ọdún 1976 ni ẹ wà lónìí, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ̀yin ti rí bó ṣe parí. Oǹdó pẹ̀lú, kí ẹ má rò pé mo gbàgbé yín: àwọn odò kéékèèké tó gba inú àdúgbò yín kọjá ti fún láàárín ilé méjì, ẹ sì ń pè é ní gọ́tà.

Àwọn kan ní bọ́ọ̀hólù ló kù tí àwọn ń mu, pé kànga ti di ti àtijọ́. Bọ́ọ̀hólù tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀ yíká dáadáa, àgbàrá yóò gba ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ wọlẹ̀. Èyí tí olóṣèlú gbẹ́ fún yín nígbà ìbò, ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jó, ibi kànga lẹ ó padà sí. Ní ti omi ẹ̀rọ ìjọba, dáàmù Ọ̀wẹnà wà ní ìhà Ìgbárà-Òkè, inú ìjọba ìbílẹ̀ yín gan-an. Ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ẹ lọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ ilé yín, kí ẹ wò ó bóyá Ọ̀wẹnà wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá rò pé mo ń fi ìgbẹ́ inú kànga dẹ́rù bà yín lásán, ìlú kékeré kan wà ní Kánádà tó ń jẹ́ Walkerton, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀. Àgbàrá gbé ìgbẹ́ màlúù láti oko kan wọ inú kànga tí kò jìn, èyí tí ìlú ń mu omi rẹ̀. Àwọn tí ìlú fi sídìí omi náà kì í da kilorín sí i bó ṣe yẹ, irọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ènìyàn 7 kú. Nǹkan bí 2,300 ṣàìsàn, ìdajì ìlú ni ká pè é. Kánádà nìyẹn o, tí ilé ìwòsàn wà, tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé aláìsàn lọ sí ìlú ńlá. Adájọ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ó tú gbogbo rẹ̀ síta, àwọn méjì tó wà nídìí iṣẹ́ sì gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa, màlúù ń jẹ kiri nínú oko àti nínú ìlú, kò sí kilorín, kò tilẹ̀ sí ìwé tí a lè kọ irọ́ sí. Tí ọmọ bá kú, a ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ọlọ́run kọ́ ló dí gọ́tà. Ní ọdún 2021 nìkan, onígbáméjì pa ju 3,500 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Omi ni wọ́n mu. Àrùn yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó lè fa gbogbo omi ara àgbàlagbà gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, ti ọmọdé kò sì tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wọ ìlú tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn dé Àkúrẹ́ yóò rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tó bàjẹ́, gọ́tà tó dí, omi tó dọ̀tí: ọ́fíìsì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ báyìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù. Àwọn bàbá yín kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ ń rí i lórí fóònù lójoojúmọ́. Síbẹ̀, tí wọ́n bá fún yín ní ilẹ̀ tó pọ́ọ́kú ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ kì í béèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú. Ẹ fi ẹ̀rùn lọ wò ó, ẹ rí i pé ó gbẹ, ẹ san owó. Ẹ lọ wò ó ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ lẹ́yìn òjò alẹ́. Ẹ bi àgbà tó ń dáko nítòsí ibẹ̀ pé ibo ni omi ń gbà. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín kò ní sùn níbẹ̀.

Òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún. Ìsinmi yẹn ni àyè tí ẹ ní. Tí Ọ̀wẹ́wẹ̀ bá dé, èyí tó le nínú òjò tún padà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe nínú omi. Nítorí náà, kí ẹ lọ bá kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nísinsìnyí, kí ẹ má lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí Olújàrè, ọba Ìjàrè, àti àwọn ìjòyè mọ̀ sí i. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yóò kó gọ́tà, kí ó jẹ́ ọjọ́ tó ní déètì. Ẹ béèrè kànga tí wọ́n yóò yẹ̀ wò, àti ìgbà tí èsì yóò jáde, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé ilé lójú omi. Títí èsì yóò fi jáde, ẹ máa se omi mímu yín títí yóò fi hó.

Kí ẹ tó lọ o, ẹ kọ́kọ́ fọ́ kọnkéré tí ẹ dà bo gọ́tà.